Kóró Onírun

Kóró òwú dúdú ni a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ara rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, òwú kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Tí obìnrin bá tẹ́ òwú sórí òkúta pẹlẹbẹ, tí ó yí ọ̀pá irin lórí rẹ̀, kóró á fò síwájú, òwú á sì kù sẹ́yìn. Kóró kejì, èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò dán. Irun wẹ́wẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀, àwọ̀ irun náà sún mọ́ ti ewé, bí ara kòkòrò onírun tí ń jẹ ẹ̀fọ́. Ọwọ́ mi ti kan méjèèjì. N ó sọ bí èyí tó nírun ṣe dé agboolé wa àti ohun tí èmi fúnra mi ṣe nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan ń sọ ọ́ lónìí bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.

Aké ni agboolé wa wà, kò jìnnà sí ilé ìwé míṣọ́n. Bàbá mi ti gba ìgbàgbọ́ kí wọ́n tó bí mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi lọ sí ilé ìwé, mo sì kà á dé ibi tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin dé nígbà náà. Ìyá mi kò kàwé. Ìyá mi ń fọ òwú, èyí ni pé ó ń yọ kóró kúrò lára rẹ̀, ó sì ń ran án. Àwọn àgbẹ̀ á ru òwú wá bá a láti oko, á yọ kóró rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n, á ran án, àwọn ahunṣọ á sì wá kó o. Nínú kóró tó bá yọ, apá kan jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àkókò gbígbìn bá tó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń wá gba ohun tí wọn yóò gbìn.

Àṣà kan wà ní agboolé wa. Tí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀ tí a ó gbin òwú, gbogbo obìnrin ilé á gbé igbá kóró tirẹ̀ wá sí ojúde, wọn á dà á pọ̀ sínú agbọ̀n ńlá kan. Ìyáálé, ẹni tí í ṣe àgbà gbogbo àwọn obìnrin ilé, á fi ọwọ́ rò ó pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á tún un pín. Wọ́n ní ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí òwú ẹnì kan là kí ti ẹlòmíràn kú. Ẹni tí kò bá da tirẹ̀ pọ̀, ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́ fún ará ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ilé-iṣẹ́ òwú kan dé sí ìlú wa. Orúkọ rẹ̀ gùn, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ sára pákó lókè ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n Ilé Ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀rọ méjì péré ló wà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kò sì sí èyí tó ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Ọkùnrin méjì á máa yí ọwọ́ rẹ̀, ẹnì kan á máa fi òwú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ìyá mi ń fi odindi ọjọ́ kan fọ̀, ẹ̀rọ náà á fọ̀ ọ́ kí oúnjẹ tó jiná. Òótọ́ ni èyí. Mo dúró níbẹ̀ wò ó.

Ní ọdún àkọ́kọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ káàkiri pé kí olóko gbé òwú rẹ̀ wá, wọn yóò yọ kóró rẹ̀ fún un, wọn kò ní gba nǹkan kan. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló mú ìròyìn náà wọlé. Ìyá mi kò gbójú sókè lórí òkúta rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń jẹ?" ló béèrè.

"Àwọn ta ni?"

"Àwọn tó ń bá gbogbo ayé ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ẹ̀yin náà ṣá. Wọ́n ní kí ẹ sinmi ọ̀pá yíyí, ẹ ń ro ti ọbẹ̀ wọn."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń yí ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbẹ̀ gbé òwú lọ, wọ́n gba òwú fífọ̀ padà, inú wọn dùn. Kò sí ẹni tó béèrè kóró. Ní ọdún kejì, Ilé Ẹ̀rọ kò fọ òwú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa rà á, ṣùgbọ́n tòun ti kóró rẹ̀ nínú ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ èyí tí obìnrin ti fọwọ́ fọ̀. Ẹ̀rọ méjì di mẹ́wàá. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn olóyè ní ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí olóyè gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa gbé òwú wá síbẹ̀. Èmi kò rí ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn nígbà náà. Ẹni tí ẹ̀rọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò ní í gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ Ilé Ẹ̀rọ láìdára.

Nǹkan yí padà díẹ̀díẹ̀, débi pé ènìyàn kò lè tọ́ka sí ọjọ́ tó yí padà. Àwọn ọkùnrin ro oko iṣu wọn di oko òwú. Àwọn obìnrin tó ń ran òwú tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń ru ìdì òwú lọ sí Aró, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó. Àwọn ahunṣọ kò rí òwú tó wọn hun mọ́, wọ́n wá ń ra èyí tí wọ́n ti ran sílẹ̀ láti òkè òkun. Ọkọ̀ kan náà tó gbé òwú wa lọ ló ń gbé òwú òyìnbó bọ̀. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi kò kọ́ ọ̀pá yíyí rárá. Èmi náà kò kọ́ ọ. Nígbà tí ìyá mi ń pè mí pé kí n wá jókòó ti òun, ìwé ni mo máa ń gbé dání.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí Ilé Ẹ̀rọ wá sí ilé ìwé wa pé àwọn ń fẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó lè kọ nọ́ńbà kó gún régé. Olùkọ́ wa fà mí kalẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti fi ọ̀dà dúdú kọ àmì ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà sára ìdì òwú kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un pọ̀. Bàbá mi yọ̀. Ìyá mi ní kí n máa la ojú mi.

Ọ̀gá tó ń bójú tó wa jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá kan tí ó dàgbà ní Sàró, ènìyàn jẹ́jẹ́, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n gbé tábìlì mi sí, nítorí náà mo ń rí ohun tí àwọn tó ń gba ilẹ̀kùn iwájú kì í rí. Gbogbo òwú ìlú ń gba iwájú wọlé, gbogbo kóró rẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìn jáde. Wọ́n ń gbá a jọ, wọ́n ń dáná sun ún, wọ́n ń da ìyókù sínú kòtò. Ṣùgbọ́n àgbá mẹ́rin kan wà lábẹ́ òrùlé tí wọ́n máa ń ṣí síta kí oòrùn wọ̀ ọ́. Kóró onírun ló wà nínú wọn, láti òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Wọ́n ti gbin díẹ̀ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká.

Lọ́jọ́ kan mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa.

"Sà, kí ló dé tí a fi ń da àwọn dúdú yìí nù?"

"Wọn kò wúlò."

"Àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín, sà."

"Wọn kò ní gbìn ín mọ́," ló wí. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la ló ṣe sọ ọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n fún mi ní ìwé kan pé kí n lọ kà á fún àwọn ará agboolé wa. Wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn ní irú rẹ̀ fún agboolé tiwọn. Mo kà á lójúde, bàbá mi jókòó, gbogbo ilé pé. Ìwé náà sọ pé Ilé Ẹ̀rọ fẹ́ràn àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá, pé wọ́n ní kóró tuntun tó ń so ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kí olúkúlùkù wá gba tirẹ̀.

Bàbá àgbà kan ní ilé wa gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí mi. "Akọ̀wé, fi ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Ìwọ tí o wà níbẹ̀, ṣé kóró gidi ni?"

Mo ní, "Gidi ni, bàbá. Mo rí i tó hù. Mo rí i tó so."

Ohun tí mo sọ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi mí nìkan ni mo dáhùn, mi ò mẹ́nu kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin mẹ́sàn-án láti ilé wa lọ gba kóró onírun, bàbá mi wà lára wọn.

Nígbà tí a wọlé láti ojúde lẹ́yìn ìwé kíkà náà ni ìyá mi sọ pé, "Má mú kóró wọn wá fún mi. Òwú wọn ni kí o mú wá, èyí tí kóró ṣì wà nínú rẹ̀."

Mo tọrọ èso òwú méje tó ti là láti inú ọgbà ẹ̀yìn Ilé Ẹ̀rọ, ọ̀gá wa sì yọ̀ǹda rẹ̀ láìbéèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ìyá mi tẹ́ ọ̀kan sórí òkúta, ó gbé ọ̀pá lé e, ó yí i. Kóró kò fò. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ara tẹ̀ ẹ́. Kóró fọ́, òróró inú rẹ̀ sì ta sára òwú, ó pọ́n bí ìtọ̀. Ó mú òmíràn. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá mú òwú tirẹ̀, ó yí ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan, kóró dúdú mẹ́fà fò bọ́ sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ìyáálé.

Ìyáálé wò ó. "Ṣé ọ̀pá rẹ ni kò mú mọ́?"

"Ọ̀pá kan náà nìyí, Ìyá. Irun ara rẹ̀ ló di òwú mú. Ẹ̀rọ wọn nìkan ló lè já a."

"Kí wá ni?"

"Ẹni tó bá gbin èyí, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò máa lọ títí ayé."

"Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo wa ń lọ báyìí?"

"Ẹ̀ ń lọ nítorí pé ó wù yín," ni ìyá mi wí. "Bí kò bá wù yín lọ́la, ẹ lè jókòó sílé. Èyí kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó."

Ìyáálé jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ó ní ìyá mi ti bẹ̀rù ẹ̀rọ jù, pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í rí rere nínú ọwọ́ tó gbà á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí kóró tó fọ́ lórí òkúta.

Ọjọ́ ìdàpọ̀ kóró pé. Wọ́n gbé agbọ̀n sí ojúde. Lára àwọn obìnrin, mẹ́rin ni mo kà tí kóró onírun wà nínú igbá tiwọn, nítorí ọkọ wọn ti fún wọn nínú ohun tí wọ́n gbà. Wọ́n dà á sínú agbọ̀n, ó bọ́ sórí àwọn dúdú. Ó kan ìyá mi. Ó dúró, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dà á," ni ìyáálé wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kí tèmi dá wà lọ́dún yìí."

Ìyàwó àbúrò bàbá mi, ẹni tó sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ nígbà tí Ilé Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló kọ́kọ́ fọhùn. "Àwa wá di ẹlẹ́gbin nìyẹn."

"N kò pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́gbin."

"Kí ló wá wà nínú igbá yín tí kò gbọdọ̀ kan tiwa?"

"Kóró ni."

"Ṣé kì í ṣe kóró náà ló wà nílẹ̀ níbí?"

Ìyáálé kò bínú, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Ó ní, "Ìyàwó, n ó sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, kò sí obìnrin tó gbé igbá rẹ̀ padà sínú yàrá. Dà á."

Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ojúde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé igbá rẹ̀ padà sínú yàrá. Mo tẹ̀lé e. Bàbá mi bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ìyàwó òun ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ó ní, "Mo ní in, Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní in."

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tó wá jókòó sí iwájú yàrá wa mọ́. Tí ìyá mi bá kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, wọn á jẹ́ ẹ, ó tán síbẹ̀. Ó gbé kóró rẹ̀ lọ sí abúlé ìyá tirẹ̀, ó gbìn ín sí ilẹ̀ kan tí kò ju ojúde ilé wa lọ. Mo máa ń bá a lọ ní ọjọ́ Sátidé.

Òwú onírun là dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́. Ó là ju ti ìyá mi lọ, n kò ní í parọ́. Bàbá mi gbé ẹ̀kúnwọ́ kan wá, ó fi hàn án. "Òwú kì í là kí inú bí olóko," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó là lóòótọ́," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ẹ fọ̀ ọ́ kí n rí i."

Bàbá mi gbé e lọ sí Ilé Ẹ̀rọ. Ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn gbé e lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti padà lọ gba kóró ọdún kejì, nítorí kóró tiwọn ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ. Ní ọdún kejì, òjò pọ̀, ewé òwú onírun ká kò, èso rẹ̀ rà lórí igi kó tó là. Ní ọdún kẹta, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kóró dúdú, wọn kò sì rí i. Oko tí wọ́n ti rí i díẹ̀, àdàlù ni.

Ìgbà náà ni àwọn obìnrin ilé wa padà wá sí iwájú yàrá wa. Ìyáálé fúnra rẹ̀ wá, kò sì sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdàpọ̀ rárá. Ìyá mi fún wọn. Ohun kan ló bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n fi ọwọ́ fọ òwú náà, kí wọ́n sì dá ìwọ̀n kóró tí wọ́n gbà padà. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Nígbà tí òwú là, ọwọ́ àwọn ìyàwó kékeré kò mọ ọ̀pá yíyí, àwọn àgbà ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Díẹ̀ ló dá kóró padà. Àwọn yòókù gbé e lọ sí Ilé Ẹ̀rọ, mo sì rí i láti ibi tábìlì mi bí kóró ìyá mi ṣe ń gba ẹ̀yìn jáde, ó ń dán. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn kò sun ún. Wọ́n ń ṣà á.

Ohun tó kù ní yàrá wa kò ju igbá kan lọ.

Ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní èyí tí àwọn ń ṣà ti dàlù, pé wọ́n gbọ́ pé kóró dúdú tí nǹkan kan kò dà pọ̀ mọ́ wà lọ́wọ́ ìyá mi.

"A ti ń dà á nù lẹ́yìn ilé yìí tipẹ́, sà."

"Àṣìṣe ni. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe."

"Ẹ kúkú lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi."

"Mo ti lọ. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi. Kò fún mi ní kóró." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, ọmọ mi. Di í sí etí aṣọ rẹ lọ́la. A ó gbìn ín, a ó sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì pín in fún gbogbo àgbẹ̀. Bàbá rẹ náà yóò rí gbà. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

Ó tún ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ nọ́ńbà, pé òun ti dárúkọ mi.

Mo nu ọ̀dà kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, mo dé ìkòkò ọ̀dà, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì jáde. Lójú ọ̀nà mo rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún. Oko bàbá mi ti ṣófo. Bí wọ́n bá sọ kóró náà di púpọ̀ lóòótọ́, bàbá mi yóò rí gbìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ yóò wà, bí ti onírun, ẹni tó bá sì fẹ́ gbin òwú àwọn ìyá rẹ̀ yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láti tọrọ rẹ̀. Kí n tó dé Aké, mo ti mọ̀ pé mi ò ní í mú un lọ, mo sì mọ̀ pé mi ò lè padà sí ìdí tábìlì náà mọ́.

Ìyá mi ń ran òwú nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ọ̀gá wa ṣe sọ ọ́, mo sì sọ pé mi ò lọ mọ́. Ó gbọ́ ọ tán. Kò yìn mí. Ó wò mí títí, bí ó ṣe máa ń wo òwú tí ẹni tí kò mọ̀ bá gbé wá.

"O ti wọ yàrá lónìí?"

"Láàárọ̀, Ìyá. Mo wọ̀ ọ́ láti mú gèlè mi."

"Tú etí aṣọ rẹ kí n rí i."

Mo tú u. Mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ mi níwájú rẹ̀. Ó fi ìka kan ibi tó ká, ó yẹ̀ ẹ́ wò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní kí n lọ jẹun. Inú kò bí mi. Èmi ni mo ka ìwé yẹn lójúde, bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, èmi náà ì bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, igbá náà kò sí níbi tí ó máa ń wà. Mi ò béèrè ibi tí ó gbé e sí.